Èsì: Olú ìdí máńgòrò yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mójú tó

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bèèrè èwo ló léwu fún máńgòrò yín ní Kétu, olú tó hù nídìí rẹ̀ ni àbí kòkòrò tó ń dá ihò sí ewé rẹ̀. Olú yẹn ló léwu, kì í ṣe kòkòrò. Tí kòkòrò bá jẹ ewé, igi á tún rúwé. Inú igi gan-an ni olú ń jẹ. Èyí tẹ́ ẹ rí níta, èso olú náà ni, gígé e kò wo igi sàn.

Ẹ fi ẹ̀yìn àdá lu ìdí igi náà yípo. Tó bá dún bí ìlù, ó ti ṣófo. Tó bá wá tẹ̀ sí ọ̀nà ilé, ẹ tètè pe agégi kí òjò oníjì tó dé.

Igi ńlá ni mò ń sọ o. Tó bá jẹ́ ọ̀gbìn kékeré, kòkòrò lè pa á, torí ewé rẹ̀ ò tó nǹkan. Ẹ máa ṣa àwọn kòkòrò náà láàárọ̀ kùtù kí oòrùn tó mú.