Ṣé kí n yọ Windows kúrò, kí n fi Linux sí laptop mi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹ̀ńjiníà. Tíṣà Yorùbá ni mí ní Ẹ̀pẹ́. Laptop HP ni mò ń lò, i5 ìran kẹfà, ráàmù 4GB. Windows 10 tó wà lórí ẹ̀ ń sọ pé àtúnṣe ti tán. Mo fẹ́ gbé e sí 11, ó ní ẹ̀rọ mi ò kúnjú òṣùwọ̀n. Ọmọ mi ní kí n fi Linux sí i, pé ọ̀fẹ́ ni. Ẹ̀rù ń bà mí: ṣé iṣẹ́ ọdún mẹ́jọ tó wà nínú ẹ̀ ò ní run? Ṣé màá ṣì lè tẹ ìbéèrè ìdánwò?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ọmọ yín ò parọ́, ṣùgbọ́n ẹ má tíì jẹ́ kó fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft ṣíwọ́ lórí Windows 10. Ẹ̀rọ yín ò bàjẹ́. Àwọn ihò tí olè lè gbà wọlé ni wọn ò ní máa dí mọ́. Àfikún ọdún kan wà fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n sísún ọjọ́ síwájú lásán nìyẹn. Ní ti 11, bí a bá yọ ìwọ̀nba díẹ̀ sílẹ̀, láti ìran kẹjọ ọpọlọ kọ̀ǹpútà Intel ni wọ́n ti ń gbà á wọlé, i5 yín sì jẹ́ ìran kẹfà.

Linux jẹ́ ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Helsinki, Linus Torvalds, ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1991. Ó dà bí ìyá alákàrà tó ń lọ ẹ̀wà ẹ̀ lójú gbogbo ayé: ohun tó fi sí i hàn síta, ẹni tó bá wù sì lè lọ ṣe tiẹ̀. Ìdí nìyẹn tí oríṣiríṣi ẹ̀ fi pọ̀. Linux Mint ni mo fẹ́ fún yín, èyí tí wọ́n ń pè ní Xfce, torí pé ó fúyẹ́ fún 4GB, bọ́tìnnì mẹ́nù ẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ lápá òsì, níbi tí ojú yín ti mọ̀ ọ́n.

Ẹ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò ná. Fáìlì ẹ̀ tó nǹkan bí 3GB. Ẹ gbà á lójú òpó Linux Mint gan-an, kí ẹ fi Rufus, ètò kékeré kan tó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, kọ ọ́ sórí fláàṣì 8GB. Ohun tó bá wà lórí fláàṣì yẹn máa lọ o. Ẹ pa laptop, ẹ tàn án, ẹ máa tẹ Esc léraléra títí mẹ́nù á fi yọ, kí ẹ wá tẹ F9, kí ẹ yan fláàṣì náà. Linux á ṣí láti orí fláàṣì láìfọwọ́ kan ohun tó wà nínú ẹ̀rọ yín. Ẹ so ó mọ́ Wi-Fi, ẹ gbọ́ orin, ẹ pa á dé kí ẹ tún ṣí i, ẹ so printa mọ́ ọn. Bí Wi-Fi bá kọ̀, ẹ fi wáyà so fóònù yín mọ́ ọn kó máa lo dátà ibẹ̀, kí ẹ wá wo Driver Manager, ibi tí Mint ti ń wá ètò tó yẹ fún Wi-Fi yín.

Èmi náà ti jìyà ohun tí ẹ̀ ń bẹ̀rù yìí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Sábó, Ìkòròdú, oníbàárà kan gbé laptop wá. Ó dé ojú ibi tí ó ti ń béèrè bóyá kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Windows, tàbí “Erase disk and install Linux Mint”. Mo ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́wọ́. Èkejì, tó ń pa gbogbo ohun tó wà lórí dísìkì rẹ́, ni mo tẹ̀. Fọ́tò ìgbéyàwó wọn lọ. Díẹ̀ ni mo rí yọ padà. Ọkùnrin náà ò bú mi. Ó pa laptop dé, ó ní “Ẹ ṣeun,” ó jáde. Ó dùn mí ju èébú lọ.

Nítorí náà, ẹ da gbogbo iṣẹ́ yín sórí hard disk ìta, kí ẹ ṣí mẹ́ta nínú ẹ̀ wò lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíì. Ẹ wò ó bóyá BitLocker, àgádágodo tí Windows fi ń ti dísìkì, wà lórí laptop náà, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà ìṣílẹ̀kùn ẹ̀ sínú ìwé. Bí bátìrì yín ò bá lè gbé wákàtí kan, ẹ má ṣe é lọ́jọ́ tí iná ń ṣe ségesège.

Ìbéèrè ìdánwò ò níṣòro. LibreOffice, ètò ìtẹ̀wé ọ̀fẹ́ tó ń bá Mint wá, á ṣí fáìlì Word yín, àmọ́ tábìlì àti àlàfo lè yẹ̀ díẹ̀, nítorí náà PDF ni kí ẹ máa gbé lọ fún àwọn tó ń tẹ̀wé. Microsoft Office fúnra ẹ̀ ò ní wọlé síbẹ̀, àyàfi èyí tí wọ́n ń lò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tó máa dùn mọ́ yín nìyí: nínú ètò kíbọ́ọ̀dù, lábẹ́ Nigeria, àtẹ Yorùbá wà níbẹ̀.

Àmọ́ ká ní tèmi ni, mi ò ní pín dísìkì kankan láàárín Windows àti Linux. Hard disk tó ń yí ló sábà máa ń wà nínú irú laptop yìí. Ẹ gbé etí lé e, ẹ ó gbọ́ ọ. Tòun ti SSD, dísìkì ìgbàlódé tí kò ní ohun tó ń yí, ẹsẹ̀ rírìn àti ọ̀kadà ni. Ẹ ra SSD 240GB, kí oníṣẹ́ yọ ti àtijọ́, kó fi tuntun síbẹ̀, kó wá gbé Linux sórí tuntun. Ẹ fi aṣọ wé ti àtijọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù pẹ̀lú Windows àti iṣẹ́ ọdún mẹ́jọ. Bí Linux bá sú yín lẹ́yìn oṣù kan, ẹ ní kó dá a padà sáyè ẹ̀.