Má tíì ra sípíkà ńlá yẹn, àbúrò

Àbúrò mi tó wà ní Ìkẹ́rẹ́, mo ka ìbéèrè rẹ. O ní o ti tu owó jọ, o fẹ́ lọ sí Alábà ní Èkó lọ ra mọ́nítọ̀ íǹṣì 8 méjì, ìyẹn sípíkà tí àwọn tó ń ṣe orin fi ń gbọ́ iṣẹ́ wọn, àti ẹ̀rọ ìlù Roland àtijọ́ kan, TR-909, torí pé ohun tí o rí lórí tábìlì àwọn tó ń ṣe orin ijó ní Jámánì nìyẹn. O sì ní yàrá kan ṣoṣo lo ń gbé. Jọ̀ọ́, dúró ná. Mo ti ra mọ́nítọ̀ yẹn rí, ó sì gbóná mọ́ mi lọ́wọ́.

Nígbà tí mo ń gbé Bàsírì ní Adó, yàrá mi gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, ó fẹ̀ ní 10, búlọ́ọ̀kù ni ògiri rẹ̀. Mo gbé mọ́nítọ̀ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo gbé àga sáàárín yàrá gan-an, mo jókòó bí ọba. Gbogbo orin tí mo bá ṣe, béèsì rẹ̀ á kàn tẹ́ bí ọbẹ̀ tí kò níyọ̀. Mo bá ń fi kún un. Mo tún ń fi kún un. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ DJ wá gbé ọ̀kan nínú àwọn orin náà lọ sóde àwọn ọmọ yunifásítì ní Ìwòròkò. Bí kick ṣe wọlé báyìí, ìlù ìsàlẹ̀ tó ń sọ gbìm gbìm gbìm yẹn, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kérora bí ẹni tí òkèlè iyán há lọ́fun. Kò tó ìṣẹ́jú kan tó fi yọ ọ́, tó fi orin ẹlòmíràn sí i, gbogbo nǹkan sì tòrò. Ẹ̀yìn ni mo gbà jáde.

Nígbà tí mo délé, mo ní kí FL Studio, ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ṣe orin, gbé ohùn béèsì kan ṣoṣo jáde, 47 Hz, ìyẹn èyí tó ń gbọ̀n ní ìgbà 47 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri yàrá. Ní igun ẹ̀gbẹ́ wọ́dúróòbù, àyà mi ń gbọ̀n. Mo rìn dé ibi àga mi láàárín, ohùn náà pòórá. Mo padà sígun, ó tún ń hó. Ìyàwó mi yọjú, ó ní, "Kí lẹ ń wá?" Mo ní béèsì ni.

Ìgbì ohùn 47 Hz gùn tó nǹkan bíi mítà 7.3. Ìdajì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12, bí yàrá mi ṣe gùn sí gẹ́lẹ́. Ògiri iwájú àti ti ẹ̀yìn wá ń gbá a síra wọn bíi bọ́ọ̀lù: ó ń kún sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń pa ara rẹ̀ láàárín. Àdúgbò 45 sí 60 Hz yẹn sì ni kick orin ijó sábà máa ń gbé. Kò sí mọ́nítọ̀, ì báà jẹ́ ti mílíọ̀nù, tó lè yí iye ẹsẹ̀ bàtà yàrá padà, èyí tó tóbi ló tiẹ̀ máa ń dà á rú jù, torí béèsì tó ń tú síta pọ̀. Páálí ẹyin tí àwọn kan ń lẹ̀ mọ́ ògiri kò ran béèsì. Mo sún àga sí nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 4 àbọ̀ sí ògiri iwájú, mo sì na fóòmù àtijọ́ méjì ró ní igun, ó sàn díẹ̀. Díẹ̀ ni mo wí o.

Mọ́nítọ̀ náà kò sì pẹ́. Iná ti lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, ó dé lóru pẹ̀lú agbára débi pé gílóòbù ń tàn bí oòrùn, èmi ò sì yọ wọ́n lára ògiri. Òórùn ló jí mi. Ọ̀kan jóná, ìkejì ń hùn bí oyin títí tí mo fi tà á lọ́pọ̀.

Látìgbà náà, ohun tí kò jẹun lára ògiri ni mo ń kọ́kọ́ rà. Láptọ́ọ̀pù ní bátìrì tirẹ̀. Sound card mi, Focusrite Scarlett 2i2, àpótí kékeré tó ń gbé ohùn wọ kọ̀ǹpútà tó sì ń gbé e jáde, ojú USB ló ti ń mu iná, kíbọ́ọ̀dù kékeré Akai MPK Mini náà bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá mú iná lọ láàárín iṣẹ́, orin mi ò tiẹ̀ mọ̀. Fi buffer, ìyẹn ìwọ̀n ohùn tí kọ̀ǹpútà ń kó jọ kó tó gbé e jáde, sí 128 tí o bá ń tẹ kíbọ́ọ̀dù, kí ohùn má baà máa sáré tẹ̀lé ìka rẹ. Tó bá di ìgbà tí o ń pò ó pọ̀, gbé e lọ sí 512.

Headphone tó bo etí pátápátá ni kí o rà, nítorí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò. Beyerdynamic DT 770 Pro ni mo ń lò. Àmọ́ wò ó dáadáa: ó ní ti 32, ti 80 àti ti 250 ohm, ìyẹn ìwọ̀n bó ṣe ń dènà iná tó ń wọ̀ ọ́; bó bá ṣe pọ̀ tó ló ń fẹ́ agbára tó. 250 ni mo kọ́kọ́ rà, mo rò pé nọ́ńbà tó pọ̀ ló dáa. Mo kì í bọ fóònù, ńṣe ló ń sọ̀rọ̀ bí aláìsàn. Ti 80 ló wà lọ́wọ́ mi báyìí. Àléébù headphone ni pé kì í jẹ́ kí àyà gbọ̀n, torí náà mo máa ń gbé orin lọ gbọ́ nínú mọ́tò ọ̀rẹ́ mi kí n tó ní ó ti parí. Owó tó bá ṣẹ́kù, fi ra inverter, èyí tó jẹ́ pure sine wave, tí iná rẹ̀ ń lọ geere. Èyí tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lè máa hùn nínú sípíkà.

Ní ti TR-909 tí o ń lálàá rẹ̀, ọdún 1983 ni Roland gbé e jáde ní Japan. Kò tà nígbà náà, wọ́n sì dá a dúró láàárín ọdún díẹ̀. Àwọn ọmọ Chicago àti Detroit wá rí i rà ní tòkúnbọ̀, lọ́pọ̀, ni wọ́n bá fi ń ṣe house àti techno. Lónìí owó gọbọi ni, bẹ́ẹ̀ ohùn 909 ti wà nínú FL Studio tí o ń lò yẹn. Log drum, ìlù béèsì inú amapiano, orin ijó South Africa yẹn gan-an, Fruity DX10 inú FL Studio kan náà ló ti wá.

Kick tí mo ń lò jù báyìí kò tiẹ̀ ti inú ẹ̀rọ kankan wá. Màmá kan ń gúnyán lẹ́yìn fèrèsé mi lọ́jọ́ kan tí mo ń gba ohùn sílẹ̀, máìkì mi gbé e. Inú ti kọ́kọ́ bí mi. Mo wá gé ìró ọmọrí odó ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo nínú rẹ̀, mo rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, mo fi kún 909. Mo jẹ́ kí màmá gbọ́ ọ. Wọ́n ní lóòótọ́ odó àwọn ni, àmọ́ iyán ọjọ́ yẹn ní kókó.