Dáì ń yún mi lórí: ṣé kí n kúkú dá ewú mi sí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 52 ni mí, Kubwa ni mò ń gbé, iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe ní Federal Secretariat. Ewú tètè yọ sí mi ní ẹ̀bátí, torí náà ó ti tó ọdún 14 tí mo ti ń fi dáì dúdú sírun, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta. Mo tún máa ń fi rílásà sí i. Ìgbà méjì tí mo fi dáì kẹ́yìn, iwájú orí àti ẹ̀yìn etí yún mi fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó ti sú mi. Àmọ́ ọkọ mi ní mo máa dà bí ìyá òun, ọmọ mi obìnrin sì máa ṣègbéyàwó ní oṣù kẹrin ọdún tó ń bọ̀. Oṣù kẹwàá la wà yìí. Ṣé kí n dá dáì dúró? Tí mo bá dá a dúró, báwo ni mi ò ṣe ní máa gbé orí aláwọ̀ méjì kiri?

Ìdáhùn: Mà, ìbéèrè méjì lẹ bi wá, ṣùgbọ́n orí yín ti dáhùn ọ̀kan. Orí tí dáì yún fún ọjọ́ mẹ́ta, tó tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ti kọ dáì yẹn. Ẹ má fi sí i mọ́, kódà nítorí ìgbéyàwó. Ohun tó kù ni bí ẹ ṣe máa kúrò nínú dúdú bọ́ sínú ewú, oṣù mẹ́fà tó wà níwájú yín sì tó o ṣe.

Kẹ́míkà kan wà tó ń jẹ́ para-phenylenediamine, PPD ni wọ́n sábà máa ń gé e kúrú sí. Òun ló ń jẹ́ kí dáì dúdú mú irun, tí kì í fi í ṣí bọ̀rọ̀. Bí dáì bá ṣe dúdú tó ni PPD inú rẹ̀ ṣe máa ń pọ̀ tó. Ara èèyàn lè gbà á fún ọdún mẹ́wàá tàbí ogún ọdún láìsọ nǹkan kan, kó wá di ọjọ́ kan kó kà á sí ọ̀tá, àtọjọ́ náà lọ, kì í gbàgbé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta fún ọdún 14 ti lé ní ìgbà 240 tí awọ orí yín ti bá a pàdé. Yíyún ló máa ń fi bẹ̀rẹ̀, ní etí irun, lẹ́yìn etí, ní ìpéǹpéjú. Èyí tó bá tẹ̀ lé e lè mú kí ojú wú dí, kí omi máa sun lórí. Tí ojú tàbí ètè bá wú, tàbí tí mímí bá ń ṣòro, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé yín lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dúró ní kẹ́míìsì, ẹ má sì fi àwọn ìpara inú túùbù tí wọ́n máa ń tà níbẹ̀ fún gbogbo àìsàn awọ ra orí.

Ẹ rántí làálì náà. Ní Àbújá àti lápá òkè káàkiri, làálì dúdú ti wọ́pọ̀ níbi ìgbéyàwó. Làálì gidi kì í dúdú. Ó máa ń pọ́n bí ọsàn ní ọjọ́ kìíní, kó tó wá pọ́n dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó sì ní láti pẹ́ wákàtí mélòó kan lára kó tó mú. Èyí tó bá dúdú kirikiri láàárín ìdajì wákàtí, dáì irun ni wọ́n pò mọ́ ọn. Ẹni tí irú rẹ̀ bá ti lé ròrò sí lọ́wọ́ rí, ara rẹ̀ ti mọ PPD, lọ́jọ́ tó bá sì gbé dáì sórí, orí rẹ̀ ló máa jìyà rẹ̀. Níbi ìgbéyàwó ọmọ yín, ẹ sọ fún ẹni tó máa kọ làálì pé pupa lẹ fẹ́ fún ara yín àti fún ìyàwó.

Wọ́n lè sọ fún yín ní ṣọ́ọ̀bù onírun pé ẹ yí sí dáì oníyẹ̀fun tí wọ́n ń fi omi lásán pò, pé kò ní kẹ́míkà. Kò rí bẹ́ẹ̀: PPD tàbí àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ náà ló sábà máa ń ṣiṣẹ́ nínú oníyẹ̀fun dúdú. "Kò ní ammonia" kò kan ọ̀rọ̀ yín, torí ammonia kọ́ ni ara yín ń kọ̀. Tí wọ́n bá kọ "kò ní PPD" síwájú páálí, ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ ka ohun tí wọ́n fi ṣe é. Tí ẹ bá rí toluene-2,5-diamine níbẹ̀, àbúrò PPD ni, ọ̀pọ̀ ẹni tí ara rẹ̀ kọ ẹ̀gbọ́n kì í sì í gba àbúrò. Èyí tí wọ́n wọ̀n sínú ọ̀rá lásán, tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC, ẹ má jẹ́ kó kan orí yín.

Dókítà awọ lè lẹ ìwọ̀nba díẹ̀ lára àwọn kẹ́míkà yìí mọ́ ẹ̀yìn yín láti mọ ohun tí ara yín kọ̀ gan-an. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ dókítà. Dídán dáì wò nílé, kí èèyàn kán díẹ̀ sí kọ̀rọ̀ ìgúnpá kó dúró fún wákàtí 48, ti ẹni tí dáì kò tíì yún rí ni.

Ewé ńkọ́? Làálì gidi tí wọ́n fi ẹ̀lú tẹ̀ lé lè sọ ewú di búráùn tàbí dúdú. Ó ń gba wákàtí púpọ̀, ewú á sì tún yọ ní ìdí irun lóṣù tó ń bọ̀, ojú kan náà lẹ ṣì wà. Ti aró inú kòtò àwọn aláró Kofar Mata ní Kánò, tàbí ti aládìrẹ Abẹ́òkúta, ti aṣọ ni o, omi eérú inú rẹ̀ á bó awọ orí. Omi àlùbọ́sà àti àwọn òróró tí wọ́n ní ó ń dá irun dúdú padà, ẹ fi owó yín pamọ́. Irun tó ti jáde lórí ti kú. Àwọ̀ rẹ̀ ti parí láti inú awọ, níbi tó ti hù wá. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 30 tó ń hewú ni ó yẹ kó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún fítámì B12 àti ọ̀rọ̀ ẹṣẹ́ ọ̀fun (thyroid). Ti ẹ̀yin tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 38, bó ṣe yẹ kó rí ni.

Ó wá kan orí aláwọ̀ méjì. Irun ń hù ní bíi sẹ̀ǹtímítà kan lóṣù, irun àwa aláwọ̀ dúdú lè dín díẹ̀ sí i. Tí irun yín bá kan èjìká, ó lé ní ọdún méjì kí dúdú tó tán lórí tí ẹ bá ní kó máa hù lọ bẹ́ẹ̀. Èyí tó tún mú ọ̀rọ̀ yín le ni rílásà. Ibi tí ewú tuntun ti pàdé irun dáì, níbẹ̀ gan-an náà ni irun líle ti pàdé irun tó ti nà. Ẹ fi ìka méjì mú irun kan níbi ojú ìpàdé yẹn kí ẹ fà á díẹ̀: ibẹ̀ ló máa já. Ohun tó ń mú kí irun àwọn tó ń jẹ́ kó hù lọ máa já wálẹ̀ nìyẹn, wọ́n á ní ewú ló ń jẹ irun àwọn.

Torí náà, tèmi ni pé kí ẹ dì í títí di oṣù kìíní, kí ẹ wá gé e. Ẹ fún orí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó sinmi ná, kò sí dáì, kò sí rílásà, kò sí irun dídì. Fìlà tàbí ìborùn tó rọ̀ lẹ máa lò. Nígbà tí yíyún bá ti tán pátápátá, ẹ di irun, kó má le ní iwájú orí àti ẹ̀bátí. Ní ọjà Wuse, àtáṣímẹ́ńtì tó dà bí eérú wà. Ẹ ra méjì dúdú, ọ̀kan eérú, kí onídìrí pò ó pọ̀ bó ṣe ń mú u. Ewú tó bá yọ ní ìdí irun á bá ti àtáṣímẹ́ńtì mu, ojú ẹlòmíràn ò sì ní rí ìlà kankan. Ẹ rẹ àtáṣímẹ́ńtì náà sínú omi tí ẹ bu ife fínígà kan sí fún ìdajì wákàtí, kí ẹ ṣàn án, kí ẹ sá a gbẹ kí ẹ tó gbé e lọ, torí ohun tí wọ́n fi ń pa á lára ní ilé iṣẹ́ máa ń yún orí tó ti ń yún èèyàn tẹ́lẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí márùn-ún lẹ tú u. Ẹ fún orí lọ́sẹ̀ kan, kí ẹ tún un dì. Ẹni tí kò fẹ́ dì í lè wọ wíìgì tí kò ní gúlúù.

Nígbà ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan yẹn, ẹ pín irun sí mẹ́rin, kí ẹ wò ó lójú ọ̀sán pẹ̀lú dígí méjì. Ewú kò rí bákan náà lórí gbogbo èèyàn. Ti Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká funfun láti iwájú dé ìpàkọ́. Tiyín lè funfun ní ẹ̀bátí àti iwájú kí ìpàkọ́ ṣì dúdú, bẹ́ẹ̀ ló sì rí lára ọ̀pọ̀ obìnrin lọ́jọ́ orí yín. Ó dára kí ẹ mọ èyí kí ẹ tó gé e, kó má baà já yín láyà.

Ní àárín oṣù kìíní, ewú yín á ti tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta. Ẹ ní kí wọ́n fi sáàsì gé gbogbo èyí tó dúdú tó sì nà kúrò. Tí ẹ bá lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, kó fi spirit nu kílípà dáadáa, kó má fá a mọ́ awọ. Títí di oṣù kẹrin, irun yín á tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà tí ẹ bá fà á nà. Bó bá ká jọ, kò ní ju ìdajì ìyẹn lọ lójú, ẹ má bẹ̀rù pé kò hù. Rílásà, ẹ jẹ́ kó lọ pẹ̀lú dáì. Awọ orí tó ti ń yún kò yẹ kó tún bá a pàdé.

Ọ̀nà kẹta tí àwọn kan ń lò ni kí wọ́n bó dúdú náà pẹ̀lú blíìsì kó lè bá ewú mu. Lórí irun rílásà, ẹ jọ̀ọ́, rárá. Dáì dúdú ọdún 14 kì í bó di funfun, pupa bí epo ló máa ń dúró sí, irun á sì já mọ́ onírun lọ́wọ́.

Ní oṣù kìíní tí ẹ máa gé e, ọyẹ́ á ti dé, ewú sì máa ń gbẹ ju irun dúdú lọ, torí òróró awọ orí máa ń dín kù bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ. Láràárọ̀, ẹ fín omi sí i, kí ẹ fi òrí funfun tó tó hóró ẹ̀pà méjì pa á. Ẹ má lo àdín dúdú tàbí òrí tó pọ́n bí ìpọ́n ẹyin, torí ewú dà bí aṣọ funfun, gbogbo nǹkan ló ń gbà. Èéfín igi, irin gbígbóná, oòrùn àti omi ni wọ́n máa ń sọ ọ́ di rúsúrúsú. Ti omi yìí ni àwọn èèyàn kì í fura sí. Ẹ fa omi bọ́ọ̀hóòlù yín sínú báàkẹ́tì funfun, kó sùn. Tí nǹkan pupa bí ti irin tó dípẹtà bá rọ̀ sísàlẹ̀ ní àárọ̀, omi yẹn á kun ewú yín. Ẹ fi fọ orí tí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n píọ̀ wọ́tà mẹ́rin ni kí ẹ fi ṣan án gbẹ̀yìn. Irun kúkurú kò gbà ju ìyẹn lọ.

Fún rúsúrúsú tó ti wọlé, ṣáńpù elésè-àlùkò wà, tí wọ́n ṣe nítorí ewú. Ẹ̀ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì ti tó. Ẹ ho ó sórí, kó lo ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta, kí ẹ ṣàn án. Tí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ sórí fún ìdajì wákàtí, elésè-àlùkò ni irun náà máa di, pàápàá ní ẹ̀bátí tó funfun jù. Irun orí ojú, ẹ má fi dáì kankan sí i láéláé, ó súnmọ́ ẹyinjú jù. Pẹ́ńsùlù ti tó, búráùn tó dúdú ló bá ewú mu ju dúdú kirikiri lọ.

Ní ti baálé yín, ẹ fi ẹ̀yìn etí tó ń yún yín yẹn hàn án lójú ọ̀sán, kó fojú ara rẹ̀ rí i. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ìlera yín ni. Ẹni tí a ń gbàdúrà fún pé kó hewú kó sì tẹ̀pá, kò yẹ kí ewú náà di ẹ̀sùn sí i lọ́rùn nígbà tó bá dé.

Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìgbéyàwó, ẹ má dán ohun tuntun kankan wò lórí, ìpara, ọṣẹ tàbí òróró. Ní ọjọ́ méjì ṣáájú, ẹ fi ṣáńpù elésè-àlùkò fọ̀ ọ́ nígbà ìkẹyìn, kí ẹ ṣàn án dáadáa. Lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ sọ fún ẹni tó máa wé gèlè yín pé kó má fà á bo ẹ̀bátí, kó fi ewú tó wà níbẹ̀ sílẹ̀ síta bí ìka méjì.