Ẹ So Ó Mọ́ Ohun Tí Ọwọ́ Yín Ti Mọ̀: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Àwọn Òǹkàwé

Lẹ́tà mẹ́rin la mú lóṣù yìí, ará Òṣogbo ló kọ gbogbo wọn. Ìṣòro kan náà ló sì wà níbẹ̀: wọ́n mọ ohun tó yẹ kí wọ́n máa ṣe fún ìlera, àmọ́ wọn kì í rántí, tàbí kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tún jáwọ́.

Aṣọ ni mò ń tà ní Ọjà Ọba. Dókítà ní kí n máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan láràárọ̀. Mo fi aláàmù sí fóònù mi ní aago méje, síbẹ̀ mo máa ń gbàgbé tó ìgbà mẹ́ta lọ́sẹ̀. (Ìyá Aláṣọ)

Ẹ kú ọjà, ìyá wa. Aláàmù yín kò ṣẹ̀. Ibi tó ti ń bá yín ni kò dáa. Ní aago méje, ẹ ti lè wà lórí ọ̀kadà, oògùn sì wà nílé. Ẹ ó pa á, ẹ ó ní ó di ìgbà tí ẹ bá délé. Bí èyí bá ti ṣẹlẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ọwọ́ á ti máa pa aláàmù náà kí etí tó gbọ́ ọ.

Ohun tí ẹ kì í ṣaláì ṣe kí ẹ tó jáde nílé ni kí ẹ wá, kó jẹ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbi tí omi mímu wà nítòsí. Ìrun àsùbáà dára fún ẹni tó ń kírun, ẹnu fífọ̀ sì dára fún gbogbo èèyàn. A kò fara mọ́ oúnjẹ àárọ̀ fún ọlọ́jà, torí pé ẹ lè jẹun nílé lónìí kó jẹ́ pé ọjà lẹ ó ti jẹ ẹ́ lọ́la. Kí ẹ wá sọ ọ́ jáde ní gbólóhùn kan: “Bí mo bá ti ká ẹní ìrun mi tán, màá lo oògùn mi.” Láti ọdún 1999 ni Peter Gollwitzer, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá láti Jámánì, ti ṣàlàyé pé ẹni tó sọ pé “bí èyí bá ti ṣẹlẹ̀, màá ṣe tọ̀hún” máa ń ṣe é ju ẹni tó kàn ní òun fẹ́ máa ṣe é lọ.

Kí oògùn wà níbi tí ojú yín ti máa rí i lásìkò yẹn, kó ga ju ibi tí ọwọ́ ọmọdé lè dé. Ẹ má gbé e sí balùwẹ̀ nítorí ọ̀rinrin, ẹ má sì gbé e sójú fèrèsé tí oòrùn ń pa.

Ẹ tún mú káàdì oògùn náà, kí ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, níbi bébà fàdákà. Ẹ kọ orúkọ ọjọ́ sẹ́yìn kóró kọ̀ọ̀kan: Aj, Ìṣ, Rú, Bọ̀, Ẹt, Àb, Àì. Máákà ni kí ẹ fi kọ ọ́, torí pé ẹnu báírò lè dá bébà náà lu, kí afẹ́fẹ́ ba kóró oògùn jẹ́. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì bóyá ẹ ti lo tòní, ẹ wo káàdì. Irú iyèméjì bẹ́ẹ̀ ló máa ń jẹ́ kí èèyàn lo oògùn lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan. Bí ọjọ́ kan bá sì fò yín, ẹ má lo méjì pọ̀ lọ́jọ́ kejì láti dí i.

Bí ààwẹ̀ Rámádánì bá ń bọ̀, ẹ rí dókítà ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, kó sọ bóyá sààrì lẹ ó máa lò ó tàbí ìṣínu. Ẹ má fúnra yín yí i padà.

Ọ́fíìsì ni mo máa ń jókòó sí láti àárọ̀ dọ̀sán. Gbogbo ìbẹ̀rẹ̀ oṣù ni mo máa ń pinnu pé màá máa rìn, kì í ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ṣé òótọ́ ni pé ọjọ́ 21 ni nǹkan fi ń mọ́ni lára? (Akọ̀wé, Òkè-Fíà)

Kì í ṣe òótọ́, ọ̀rọ̀ yẹn sì ti mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn sọ̀rètí nù. Ní ọdún 2010, Phillippa Lally àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ ìwádìí kan jáde. Èèyàn 96 ló yan ohun tuntun kan tí wọ́n á máa ṣe lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 12. Nínú àwọn tí ìṣirò bá mu, ọjọ́ 66 ló bọ́ sí àárín nínú iye ọjọ́ tí nǹkan náà fi mọ́ wọn lára. Ẹni tó yá jù lo 18, wọ́n sì ṣírò pé ẹni tó pẹ́ jù yóò lò tó 254. Omi mímu tètè ń mọ́ra ju eré ìdárayá lọ. Wọ́n tún rí i pé kéèyàn fo ọjọ́ kan kò ba iṣẹ́ jẹ́. Bí ẹ bá fo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú ni kí ẹ padà, kì í ṣe oṣù tuntun.

Ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kó kéré jù fún àgbàlagbà: ìṣẹ́jú 30 lọ́jọ́ márùn-ún. Kí ìrìn náà yá débi pé ẹ lè sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ má lè kọrin. Ẹ so ó mọ́ bíbọ̀ láti ibi iṣẹ́. Ẹ sọ̀kalẹ̀ ní Ọláìyá, kí ẹ fẹsẹ̀ rin ìyókù délé, kí ẹ sì wo aago lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bí kò bá tó, ẹ máa sọ̀kalẹ̀ ṣáájú ibẹ̀. Bàtà ọ́fíìsì ló máa ń bà á jẹ́ jù, torí náà kí bàtà pẹlẹbẹ wà nínú báàgì láti alẹ́ àná. Ẹ ti pinnu ti òjò náà sílẹ̀: “Bí òjò bá ń rọ̀, màá gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí n tó jáde.”

Ẹ wá ẹnì kan. Ẹgbẹ́ WhatsApp elẹ́ni ogójì kò lè ṣe é, torí pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀ bí ẹ kò bá jáde. Ẹnì kan ṣoṣo tó ń gba ọ̀nà yín, tó ti dúró lẹ́nu géètì, tí ojú máa tì yín láti já kulẹ̀, òun ló wúlò.

Bí mo bá rán ọkọ mi létí oògùn rẹ̀ tàbí iyọ̀ tó ń bù lé oúnjẹ, ó máa ń bínú pé mo ń sọ òun di ọmọdé. (Ìyàwó, Ayétòrò)

Ìránnilétí tó ń ti ẹnu jáde lójoojúmọ́ á di àròyé, pàápàá níwájú àlejò tàbí àwọn ọmọ. Ẹ mú ẹnu kúrò níbẹ̀. Nígbà tí inú bàbá bá dùn, ẹ bi wọ́n léèrè ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ kí ẹ máa gbà rán wọn létí, kí wọ́n fúnra wọn yàn án. Èyí tó rọrùn ni kí ẹ da ojú ife omi wọn dé sórí tábìlì lálẹ́. Bí wọ́n bá ti fi í mu omi lo oògùn láàárọ̀, wọ́n á fi í sílẹ̀ ní ojú rẹ̀ sókè. Ẹ ó kọjá, ẹ ó rí i, ó parí. Bí ife bá ṣì dojú dé nígbà tí wọ́n fẹ́ jáde, ẹ bu omi sí i, kí ẹ gbé e fún wọn pẹ̀lú ìkúnlẹ̀ yín. Ẹ má sọ nǹkan kan.

Ní ti iyọ̀, kí agolo rẹ̀ kúrò lórí tábìlì, kó padà sí kíṣìnnì. Àgbàlagbà kan kò gbọdọ̀ jẹ tó gíráàmù 5 lójúmọ́, ìyẹn bíi ṣíbí tíì kan tí a gé orí rẹ̀, iyọ̀ inú mágí sì wà nínú ìṣirò. Ẹ máa fi ṣíbí wọ̀n ọ́n, ẹ má fọwọ́ bù ú. Bí ẹ bá ń fi mágí mẹ́rin se ìkòkò ọbẹ̀ kan, ẹ fi mẹ́ta sè é fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ tó bọ́ sí méjì. Ẹni tó bá gé e lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo ilé ló máa ké pé ọbẹ̀ tẹ́. Irú tí wọn kò fi iyọ̀ sí àti àlùbọ́sà á ràn yín lọ́wọ́.

Àwọn ọmọ mi kì í rántí fọ ọwọ́ bí wọ́n bá jáde ní ṣáláńgá. (Bàbá Ìbejì)

Omi àti ọṣẹ ló jìnnà sí wọn. Ẹ gbé búútà omi sẹ́nu ọ̀nà ṣáláńgá gan-an, níbi tí wọn kò ti lè kọjá láìrí i. Ẹ ju ọṣẹ sínú àwọ̀n tí wọ́n fi ń di àlùbọ́sà, kí ẹ so ó kọ́ ibi tí ọwọ́ ọmọ lè tó. Kò ní jábọ́ sí ẹrẹ̀, adìẹ kò sì ní gbé e lọ. Kí wọ́n máa ka ení, èjì títí dé ogún bí wọ́n ṣe ń fi ọṣẹ ra ọwọ́, tàtàǹpàkò àti abẹ́ èékánná. Ọmọ kan ni kó máa pọn omi sí búútà ní ọ̀sẹ̀ kan, kí èkejì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, torí pé bí búútà bá gbẹ fún ọjọ́ méjì, wọ́n á tún máa kọjá lára rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i.