Ẹ Bi Mí Ká Jọ Rò Ó: Ọmọ 29 Fẹ́búárì, Ewé Mọ́ínmọ́ín àti Ẹ̀fọn Inú Etí

Ẹ kú òjò o, ẹ kú ẹrẹ̀, àwa tá à ń gbé ládùúgbò tí kò ní gọ́tà la mọ ohun tí ojú ń rí. Lẹ́tà pọ̀ lóṣù yìí. Ẹnì kan tiẹ̀ fi fóìsì ránṣẹ́, ó gùn, ó gùn, ó ń bi mí ìdí tí ajá fi máa ń yí po kó tó sùn, ìyàwó ẹ̀ sì ń bá a jà lẹ́yìn ní gbogbo àsìkò tó ń sọ̀rọ̀. Bọ̀dá, ẹ parí ìjà yẹn ná, ajá á dúró dè yín. Ẹ jẹ́ ká mú àwọn tó kù.

Àǹtí, yàrá mi tóbi, ara mi náà ò kéré, kí ló wá dé tó jẹ́ etí mi nìkan ni ẹ̀fọn máa ń wá kọrin sí lóru? — Àìsùn, Agége

Ọ̀gá mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Kì í kọrin o, ìyẹ́ ẹ̀ lẹ̀ ń gbọ́, ó ń jù ú ju 400 ìgbà lọ ní sẹ́kọ́ọ̀ndì kan. Èémí yín ló ń tọ̀ wá, kábọ́n-dàókísáìdì tá a máa ń mí síta yẹn, ojú imú àti ẹnu ló sì ti ń jáde, etí ò jìnnà sí ibẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó ti máa fò lórí ẹsẹ̀ yín láti aago mẹ́wàá, ẹsẹ̀ ò gbọ́ràn ni. Abo nìkan ló ń mu ẹ̀jẹ̀, ẹyin ló fẹ́ fi yé, akọ ẹ̀ omi dídùn inú òdòdó ló ń mu ní tiẹ̀, kò mọ nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ wa. 20 oṣù kẹjọ ni wọ́n ń ṣe Ọjọ́ Ẹ̀fọn Lágbàáyé, torí ọjọ́ yẹn lọ́dún 1897 ni dókítà kan tó ń jẹ́ Ronald Ross rí kòkòrò ibà nínú ikùn ẹ̀fọn ní ilẹ̀ Íńdíà. Tẹ́ ẹ bá ní fáànù, ẹ kọ ojú ẹ̀ sí orí bẹ́ẹ̀dì: ẹ̀fọn ò lágbára àtifò nínú atẹ́gùn, fáànù náà á sì tú èémí yín ká tí kò fi ní mọ ibi tẹ́ ẹ wà. Ìyẹn tí iná bá wà o.

Ẹ kú iṣẹ́ ma. 29 Fẹ́búárì 2024 la bí ọmọkùnrin mi. Ìyá ọkọ mi ní 28 ni ká máa ṣe bọ́ọ̀dè ẹ̀, bàbá ẹ̀ ní 1 Máàṣì, àbúrò mi tí kò ní làákàyè ní ká fi sílẹ̀ títí di 2028 ká fi lè rówó jọ. Ta ni ká gbọ́ tiẹ̀? Kí ló tiẹ̀ ń gbé ọjọ́ yẹn lọ gbé e bọ̀? — Ìyá Ọmọ Ọjọ́ Àrà, Òṣogbo

Pẹ̀lú iye tí ìrẹsì ń jẹ́ báyìí, àbúrò yín yẹn ló ní làákàyè jù nínú gbogbo yín.

Àwọn méjì tó kù, kò sẹ́ni tó jẹ̀bi. Àwọn aṣòfin òyìnbó gan-an ò fẹnu kò: ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 1 Máàṣì ni òfin kà pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lé ọdún kan sí i, ní New Zealand wọ́n ní 28 Fẹ́búárì ni. Tèmi, màá ní kẹ́ ẹ gbọ́ ti ìyá ọkọ. Oṣù tẹ́ ẹ bí i nìyẹn ṣáà, ọkọ yín náà ò sì ní bá ìyá ẹ̀ jà nítorí kéèkì.

Ìdí tí ọjọ́ yẹn fi ń lọ tó ń bọ̀ rèé. Ayé ò yí oòrùn po ní ọjọ́ 365 géérégé, ó fi wákàtí 5 àti ìṣẹ́jú 48 àti díẹ̀ lé e. Wákàtí yẹn là ń dá jọ bí ẹni ń dá àjọ, tó bá di ọdún kẹrin a kó o, ó di odidi ọjọ́ kan, a wá fi sí ìdí Fẹ́búárì. Julius Caesar ọba Róòmù (wọn ò pè é lọ́ba o, àmọ́ ṣé irú agbára yẹn tún kù síbì kan?) ló pàṣẹ ẹ̀, ọdún 45 kí wọ́n tó bí Jésù ni kàlẹ́ńdà tuntun náà bẹ̀rẹ̀. Ọdún kejì wọ́n gún un pa. Ọ̀rọ̀ wá kù sọ́wọ́ àwọn àlùfáà tó ń tọ́jú kàlẹ́ńdà, àṣẹ ní ọdún kẹrin-kẹrin, àwọn ń fi ọjọ́ kan kún un ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta! Ó tó ọdún 36 tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀ kí Augustus tó jẹ lẹ́yìn Caesar tó dá wọn dúró, ó ní kí wọ́n má fi ọjọ́ kankan kún un fún ọdún mélòó kan títí gbogbo ẹ̀ á fi bára mu.

Ẹni tó bá gbọ́ èyí á ní olodo ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tó ń ná ọjà ọrọọrún. Tí ọjà bá jẹ́ òní, òní ni ení, ọ̀la ni èjì, ẹ kà á lọ bẹ́ẹ̀, ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ á bọ́ sí àrún, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ mẹ́rin péré ló wà láàárín. Ọ̀sẹ̀ àwọn bàbá wa, ọjọ́ mẹ́rin ni: ọjọ́ Ọbàtálá, ọjọ́ Ifá, ọjọ́ Ògún, ọjọ́ Jàkúta. Ẹgbẹ́ tó ń pàdé ní ìtàdógún náà, ọjọ́ mẹ́rìndínlógún-mẹ́rìndínlógún ni wọ́n ń pàdé, ìyẹn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko, ọjọ́ tí wọ́n jókòó ìpàdé lónìí ni wọ́n kà mọ́ ọn tó fi di mẹ́tàdínlógún. Ẹ̀yin gan-an, Ìyá Ọmọ, Tọ́sìdeè lẹ bí ọmọ yín, ṣebí Tọ́sìdeè tó tẹ̀ lé e, 7 Máàṣì, lẹ kó o jáde? Ìjọ́ kẹjọ lẹ pè é. Ẹ fi 7 yẹn han akọ̀wé báǹkì, á ní ọjọ́ méje ni. Bí àwọn ará Róòmù náà ṣe ń ka nǹkan nìyẹn, ibi tí wọ́n dúró sí ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, torí ẹ̀ ni ọdún kẹrin tiwọn fi jẹ́ ọdún kẹta lójú Caesar. Tó bá jẹ́ ìyá alátà kan láti Ọjà Ọba ni wọ́n rán sí wọn ni, ì bá yé òun àti àwọn àlùfáà yẹn dáadáa, Caesar ni ì bá dà bí àlejò.

Kò tíì tán o. Ìṣẹ́jú tí kò pé wákàtí mẹ́fà yẹn ń gorí ara wọn ní gbogbo àsìkò yìí, nígbà tó fi máa di 1582 kàlẹ́ńdà ti fi ọjọ́ mẹ́wàá yẹ̀, ni Póòpù Gregory Kẹtàlá bá gé e kúrò, àwọn èèyàn sùn ní 4 oṣù kẹwàá, wọ́n jí ní 15. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ò gbà fún Póòpù, wọ́n ṣagídí títí di 1752, ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n wá gé ní tiwọn. Sweden ló dàrú jù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, wọ́n tún pa á tì, títí tí wọ́n fi ní 30 Fẹ́búárì lọ́dún 1712, ọjọ́ tí kò tún padà wá mọ́. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ yẹn, kí ni wọ́n fẹ́ ṣe fún un?

Òfin Gregory yẹn náà ló ní ọdún tó bá fi òdo méjì parí, bí i 1900, ò ní í ní 29 Fẹ́búárì, àfi tí 400 bá pín in dọ́gba bí i 2000. 2100 ò ní í ní in. Ọmọ yín, tí Ọlọ́run bá dá a sí, á ti pé ẹni ọdún 76 lọ́dún yẹn, á ṣe tiẹ̀ ní 2096, kò sì tún ní rí ọjọ́ náà gan-an títí di 2104 tó bá pé 80. Ẹ bá mi kọ ọ́ sínú Bíbélì ìdílé kí ẹnikẹ́ni má lọ gba họ́ọ̀lù lọ́dún 2100.

Ọmọ mi ọlọ́dún mẹ́fà ní kí n bi yín: ta ni alángbá ń kí? — Bàbá Tí Ìbéèrè Ti Sú, Adó-Èkìtì

Ẹ sọ fún un pé kì í kí èèyàn, ìjà ló ń fà. Èyí tí orí ẹ̀ pọ́n tí ara ẹ̀ dúdú bí aró yẹn, akọ ni, ó ń sọ fún àwọn akọ yòókù pé ògiri yìí lólówó, ó tún ń ṣe fáàrí fáwọn abo tó wà nítòsí. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú àwọ̀ yẹn á ṣá, á wá dà bíi tàwọn yòókù. Àwọn àgbà ní ara ẹ̀ ló ń yìn pé òun já látorí ìrókò, wọn ò kúkú jìnnà sí i.

Àǹtí wa, ọmọ mi tó wà ní yunifásítì ní kí n jáwọ́ nínú ewé mọ́ínmọ́ín, kí n máa fi agolo ṣe é, ó yá jù. Mo ní ewé ló ń dùn, ó ní kò sí ẹ̀rí. Ẹ bá mi dá a lóhùn. — Ìyá Alámọ́ínmọ́ín, Abẹ́òkúta

Òórùn ewé yẹn nìkan tó ẹ̀rí, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ adùn tó lórúkọ nínú ìwé sáyẹ́ǹsì ló ń wá, kò sí lára ewé, ìdí ewé ló wà. Ẹ ní kó tẹ̀ lé àwọn tó ń já a nínú igbó, kó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó wo ìdí ẹ̀, á rí èso pupa kan tó ní igun mẹ́ta níbi ilẹ̀. Kóró inú ẹ̀ dúdú, nǹkan rọ̀bọ̀tọ̀ kan bò ó bí i jẹ́ẹ̀lì, ibẹ̀ ni adùn wà. Dókítà ọmọ ogun òyìnbó kan tó ń jẹ́ Daniell kọ̀wé nípa ẹ̀ lọ́dún 1855, orúkọ ẹ̀ ni wọ́n fi sọ ewé náà, *Thaumatococcus daniellii*. Lọ́dún 1972 àwọn méjì ní ilẹ̀ Netherlands wá yọ ohun tó ń dùn nínú ẹ̀, wọ́n pè é ní thaumatin, ó dùn ju ṣúgà lọ ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún méjì, kì í sì í ṣe ṣúgà rárá, purotéènì ni. Wọ́n ń fi í sínú ṣingọ́ọ̀mù àti oògùn lókè òkun, tí ọmọ yín bá rí E957 lára páálí nǹkan, òun nìyẹn, ewé tó ní kẹ́ ẹ jù nù.

Kó má fi wé àgbáyun o. Àgbáyun ò fi bẹ́ẹ̀ dùn fúnra ẹ̀, ahọ́n èèyàn ló ń yí padà, téèyàn bá ti jẹ ẹ́, tó wá fi ọsàn wẹ́wẹ́ sẹ́nu, á dùn bí ẹni mu ọsàn tó pọ́n. Àwọn méjèèjì ń hù nínú igbó tiwa níbí.

Bàbá àgbà wa ní apá òsì ni mọ́tò ń gbà ní Nàìjíríà tẹ́lẹ̀. A rẹ́rìn-ín, wọ́n bínú, wọn ò jẹun alẹ́. — Ọmọọmọ, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ tètè lọ dọ̀bálẹ̀ kẹ́ ẹ tún oúnjẹ gbé. Apá òsì làwọn Gẹ̀ẹ́sì fi kọ́ wa, 2 oṣù kẹrin 1972, láyé Gowon, la bọ́ sí apá ọ̀tún, ọjọ́ Àìkú Ajíǹde ni. Gbogbo àwọn tá a bá pààlà, Dahomey tó wá di Bẹ̀nẹ̀, Niger, Chad, Cameroon, apá ọ̀tún ni wọ́n ń gbà, torí náà awakọ̀ tó bá ti kọjá Ìdí-Ìrókò ní láti yí ọwọ́ padà láàárín ọ̀nà. Gánà náà tẹ̀ lé wa lọ́dún 1974. Ẹ tún wá rò ó: 1 oṣù kìíní 1973, oṣù mẹ́sàn-án péré lẹ́yìn náà, wọ́n tún gba pọ́n-ùn àti ṣílè lọ́wọ́ wọn, wọ́n kó náírà àti kọ́bọ̀ fún wọn, pọ́n-ùn kan náírà méjì. Ẹni tó bá la ìyẹn já tẹ́ ẹ wá ń fi ṣe yẹ̀yẹ́! Àwọn onídáńfó kan ṣì wà tí ìròyìn ọdún 1972 yẹn ò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn.

Kí ni mo lè ṣe sí alùbọ́sà? Àwọn àna mi rò pé ọkọ mi ń lù mí. — Ìyàwó Tuntun, Ìlọrin

Ọ̀bẹ yín ló kú, ìyàwó. Gáàsì kan ló ń jáde tí alùbọ́sà bá ti fọ́, ó ń wọ inú omi ojú, ojú á máa ta, ọ̀bẹ tí kò mú ń tẹ̀ ẹ́ fọ́ ju bó ṣe ń gé e lọ. Ẹ pọ́n ọ̀bẹ, tí fíríìjì bá wà kẹ́ ẹ fi alùbọ́sà síbẹ̀ díẹ̀ kẹ́ ẹ tó gé e, òtútù á dín gáàsì náà kù. Àwọn tó ní kéèyàn ki ìṣáná sẹ́nu, mi ò bá wọn lọ́wọ́ sí i.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi ta tẹ́tẹ́ 5,000. Ó ní kí n wá gbogbo ọjà Bódìjà, mi ò ní rí àgbàdo tó ní ìlà mẹ́tàlá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ṣé òótọ́ ni? — Ẹni Tí Ò Fẹ́ San, Ìbàdàn

Òótọ́ ni o, ẹ lọ san án. Nígbà tí àgbàdo ṣì kéré nínú èèpo, ojú kọ̀ọ̀kan tí hóró fẹ́ hù sí máa ń là sí méjì, torí náà méjì-méjì ni ìlà ń wá: 12, 14, 16, 18. Àárín ṣúkù ni kẹ́ ẹ ti kà á o, ẹ má kà á níbi ṣóńṣó orí ẹ̀ tí hóró ti dàrú, kẹ́ ẹ má lọ fi ìyẹn jà. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ gba owó yín padà, ẹ bi ọ̀rẹ́ yín iye hóró tó lè wà lórí àgbàdo kan kó tó bó o: fọ́nrán irun kan tó yọ lórí ẹ̀, hóró kan ló ni ín. Kẹ́ ẹ ṣáà kà á kẹ́ ẹ tó fi àgbọn sí i.