Ìgbẹ́ adìẹ jó ẹ̀fọ́ mi, ṣé kí n padà sí fátíláísà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yìnkùlé wa n'Ìbàdàn níbí ni mo ti ń gbin tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú díẹ̀. Tẹ́lẹ̀, fátíláísà NPK àti yúríà ni mo máa ń dà sí i, kòkòrò bá yọjú mo fín oògùn. Ọmọ mi wá ní kí n jáwọ́ nínú kẹ́míkà, pé ikùn wa náà ló ń lọ. Mo gbọ́ tiẹ̀, mo kó ìgbẹ́ adìẹ báágì mẹ́ta lọ́dọ̀ ẹni tó ń sin adìẹ, mo dà á sórí ebè, kó tó dọjọ́ kẹrin etí ewé ti gbẹ bí ìgbà tí iná rà á. Kòkòrò tún wá dà bò ó, bàálé mi sì ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ṣé kí n padà ni?

Ìdáhùn: Màmá, ẹ má padà o jàre. Ìgbẹ́ adìẹ ò ṣẹ̀, tútù tẹ́ ẹ dà á ni wàhálà. Ó gbóná ju ti màlúù lọ, ohun tó ń jẹ́ kí yúríà jó ẹ̀fọ́ tó bá pọ̀ jù náà ló kún inú ẹ̀. Èmi náà ti ṣe é rí, gbogbo tòmátì mi ló bá a lọ, ìyàwó mi ò tíì yéé sọ ọ́.

Ẹ ha ìgbẹ́ tó kù lórí ebè kúrò, kẹ́ ẹ bomi rin ín dáadáa. Ẹ fa ẹ̀fọ́ kan tu wò, tí gbòǹgbò ẹ̀ bá ṣì funfun, ó máa rúwé padà. Àmọ́ ẹ má tíì já nǹkan kan jẹ níbẹ̀ báyìí, ìgbẹ́ tútù máa ń ní kòkòrò àìfojúrí tó ń fa inú rírun.

Èyí tó kù nínú báágì, ẹ kó o jọ síbi tí òjò ò ti ní ṣàn án lọ, ẹ po ewé gbígbẹ, koríko àti èèpo iṣu mọ́ ọn, kí gbígbẹ pọ̀ ju tútù lọ, ẹ má ju eegun tàbí ẹran sí i o, eku máa bá yín gbélé. Tó bá di bí ọjọ́ mẹ́ta, ẹ ki ọwọ́ bọ àárín ẹ̀, kíá lẹ máa fà á yọ, ó ti ń gbóná nìyẹn. Ẹ máa yí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tó bá gbẹ kẹ́ ẹ wọ́n omi sí i, bí oṣù méjì sí mẹ́ta ó máa dúdú, á máa fọ́ lọ́wọ́, òórùn tó ń ta imú yẹn á ti lọ, bí ilẹ̀ tójò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí lá máa rùn. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ tó dà á sébè. Ẹ má da eérú mọ́ ọn, ṣe ló máa lé agbára ẹ̀ dànù.

Ní ti kòkòrò, èyí tó ń ká ewé tẹ̀tẹ̀ jọ sùn sínú ẹ̀ yẹn, ẹ fọwọ́ ṣà á láàárọ̀. Tó bá pọ̀, ẹ gún ewé dóńgóyárò kílò kan, ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú sómi lítà márùn-ún, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ sí i, kẹ́ ẹ fín in títí dé abẹ́ ewé, nírọ̀lẹ́ ni o torí oòrùn máa ń ba agbára ẹ̀ jẹ́. Kò ní pa wọ́n lójú ẹsẹ̀ bí oògùn ọjà, ńṣe ni wọ́n máa dẹ́kun jíjẹ, torí náà ẹ tún un fín lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ̀fọ́ àkọ́kọ́ lè má yára tó ti yúríà sha. Ẹ ní kí bàálé yín máa bá yín yí ààtàn yẹn.