Mi Ò Gbóòórùn Irú Mọ́

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 43 ni mí, oúnjẹ ni mò ń tà n'Íbàdàn. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tí wọ́n ti ní psoriasis ló ń ṣe mí, ìgbọ̀nwọ́, orúnkún àti orí mi á pọ́n, á wá máa ṣí bí ìpẹ́ ẹja. Ìyẹn ti mọ́ mi lára. Èyí tó wá bà mí lẹ́rù ni pé níjọ́sí, ọmọ mi ló sáré wọlé pé ọbẹ̀ ń jóná, èmi sì nìyí nídìí ìkòkò, mi ò gbóòórùn nǹkan kan. Mo ṣí irú, ó dà bí ẹni ṣí omi. Àwọn kọ́sítọ́mà tún ní iyọ̀ mi ti ń pọ̀ jù. Ṣé àrùn ara lè dé imú ni? – Ìyá Ọlọ́bẹ̀

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ìnira. Ó lè dé bẹ̀ o. Kì í ṣe awọ nìkan ni psoriasis ń bá jà, àwọn ọmọ ogun inú ara ló kọjú ìjà sí ara fúnra ẹ̀, ìdí nìyẹn tí oríkèé fi máa ń ro àwọn míì. Àwọn dókítà kan ti fi nǹkan bíi bírò tó ní òórùn nínú dán àwọn tó ní psoriasis wò, wọ́n sì rí i pé wọn kì í sábà gbóòórùn tó àwọn tí kò ní in.

Ti iyọ̀ yẹn, ọwọ́ yín ò bàjẹ́ rárá. Ahọ́n ò mọ̀ ju dídùn, iyọ̀, kíkan, kíkorò àti adùn omi ẹran lọ, imú ló ń mú ìyókù wá láti ẹ̀yìn ọ̀fun. Ẹ fọwọ́ dí imú kẹ́ ẹ jẹ ọsàn, ẹ ó rí i pé dídùn àti kíkan nìkan ló kù, ìgbà tẹ́ ẹ bá tú imú sílẹ̀ ló tó di ọsàn. Òórùn ọbẹ̀ ni ò dé ọ̀dọ̀ yín, lẹ bá ń fi iyọ̀ wá a. Ẹ máa fi ṣíbí wọn iyọ̀ báyìí, kọ́mọ máa bá yín tọ́ ọ wò.

Ṣùgbọ́n ẹ má di gbogbo ẹ̀ ru psoriasis o. Kàtá tí ò lọ, ẹran tó hù nínú imú, Kòrónà, gbogbo wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn oògùn psoriasis kan náà sì máa ń gbẹ imú tàbí kí wọ́n dá egbò sẹ́nu. Ẹ lọ rí dókítà elétí àti imú, ẹ kó oògùn yín dání, ẹ má sì dá a dúró fúnra yín.

Lọ́dún 2009, Thomas Hummel àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Dresden, ní Jámánì, ní káwọn tí imú wọn ti kú máa fín òórùn mẹ́rin láàárọ̀ lálẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 12: òdòdó rose, yukalíptọ́ọ̀sì, lẹ́mọ́ọ̀nù àti kànáfùrù. Àwọn kan gbádùn díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe psoriasis ló ṣe àwọn yẹn, àmọ́ kò lè pa yín lára. Kànáfùrù àti èèpo lẹ́mọ́ọ̀nù wà lọ́jà, ẹ fi irú yín kún un.

Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe lónìí ni ti gáàsì, torí imú yín ò ní kìlọ̀ fún yín. Ẹ po ọṣẹ, ẹ fi fóòmù ẹ̀ pa ẹnu sílíńdà àti rọ́bà ẹ̀, tó bá ń hó, gáàsì ń jò nìyẹn, ẹ tì í pa kíá, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ má ṣáná rárá.